Orúkọ ẹ̀yìn àwo: bí a ṣe ń wá ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì indie àti àwo tuntun wọn láti Abẹ́òkúta

Olúmọ ló mú kí wọ́n máa pe Abẹ́òkúta ní Rock City; orin gìtá kọ́ ló fà á. Ẹni tó bá tan rédíò ní Ìbarà tàbí Àṣerò láti àárọ̀ dalẹ́, fújì ni yóò gbọ́, àti orin ẹ̀mí, àti orin àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí, àti ìròyìn. Rọ́ọ̀kì indie, orin gìtá tí àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré tó dá dúró ń gbé jáde, kì í sábà gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti lọ bá a nílé. Ilé yẹn kò jìnnà mọ́, fóònù kan àti dátà díẹ̀ ti tó, ṣùgbọ́n orin tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí etí lè gbà lọ, ẹ̀rọ tó yẹ kó bá wa ṣà á sì máa ń dá wa padà síbi tí a ti wà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó mọ àdìrẹ rà ní Ìtòkú kì í wo àwọ̀ nìkan. Ó máa ń bèèrè ọwọ́ aláró tí aṣọ náà ti jáde, torí ó mọ̀ pé bí ọwọ́ yẹn bá dára lára ìgàn kan, ó ṣeé ṣe kó dára lára òmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orin yìí ṣe rí. Orúkọ tó wà lẹ́yìn àwo ni kí ẹ máa tẹ̀ lé: ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde, ẹni tó gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò, ẹni tó wá bá wọn ta gìtá fún orin kan péré.

Kí ni wọ́n ń pè ní indie

Ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta ló di èyí tó pọ̀ jù nínú òwò orin àgbáyé mú: Universal, Sony àti Warner. Ilé-iṣẹ́ agbórinjáde tí kò sí lábẹ́ wọn, tó ń fi owó àpò ara rẹ̀ ṣe é, ni wọ́n ń pè ní indie láti ìbẹ̀rẹ̀. Òmìnira ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Rough Trade jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó ń ta àwo ní London láti 1976 kó tó di pé ó ń gbé àwo tirẹ̀ jáde ní 1978. Ọdún 1978 yẹn náà ni Factory bẹ̀rẹ̀ ní Manchester. Ní Amẹ́ríkà, Sub Pop di ilé-iṣẹ́ agbórinjáde ní Seattle ní 1986. Matador àti Merge dé ní 1989, ọ̀kan ní New York, èkejì ní North Carolina. Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn fi ọ̀rọ̀ náà pe ìró orin fúnra rẹ̀, débi pé ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ Warner náà lè jẹ́ indie lẹ́nu wọn.

Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí àríyànjiyàn yẹn. Fún ẹni tó ń wá orin, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ló wúlò jù. Ilé-iṣẹ́ kékeré, etí ẹni kan tàbí méjì ló máa ń yan ẹni tí wọn yóò gbà. Nítorí náà, gbogbo ohun tó bá jáde níbẹ̀ máa ń jọra bí ọmọ ìyá, bí wọn kò tilẹ̀ ní ojú kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ràn mẹ́ta nínú wọn, ẹ̀kẹrin yẹ lẹ́ni tí ẹ ó gbọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kékeré kò sì túmọ̀ sí aláìlágbára: Merge ló gbé àwo ẹgbẹ́ Arcade Fire tó gba Grammy fún àwo tó dára jù lọ́dún 2011 jáde ní Amẹ́ríkà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwo kan ṣoṣo

Àwo kan tí ẹ ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ló dára jù. Bí ẹ kò bá ní, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti itòsí. Mdou Moctar jẹ́ onígìtá láti orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa lápá àríwá, èdè Tamasheq ló sì fi ń kọrin. Etí tó ti gbó sínú gìtá Olóyè Ebenezer Obey kò ní ṣe àjèjì sí bí gìtá tirẹ̀ ṣe ń yí po lórí ìlù kan náà, àfi pé tirẹ̀ gbóná, ó sì ń ké. Àwo rẹ̀ ti 2021, Afrique Victime, Matador ló gbé e jáde.

Ẹ wo bí okùn ṣe ń fà láti ibẹ̀. Ẹ ṣí ìkànnì Matador, ẹ lọ síbi tí wọ́n to orúkọ àwọn olórin wọn sí. Ẹ ó rí Pavement, Yo La Tengo àti Car Seat Headrest. Ẹ ti èyí tó kẹ́yìn yìí ṣí: Will Toledo tó dá a sílẹ̀ ti ń kó àwo tirẹ̀ sórí Bandcamp, ìkànnì tí olórin ti lè fúnra rẹ̀ ta orin, láti 2010, ní òun nìkan, kí Matador tó gbà á wọlé ní 2015. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń wo Bandcamp ti mọ̀ ọ́n fún bí ọdún márùn-ún kí ilé-iṣẹ́ kankan tó dá sí i. Okùn kejì: Mikey Coltun tó ń ta gìtá báàsì fún Mdou Moctar ló bójú tó gbígba àwo 2021 náà sílẹ̀. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ lára àwo mìíràn. Okùn kẹta: kí ó tó dé Matador, Sahel Sounds, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Portland, ló ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, àwọn náà ló gbé Etran de L'Aïr, ẹgbẹ́ onígìtá láti Agadez, jáde. Àwo kan ti di ọ̀nà mẹ́ta.

Níbo ni orúkọ wọ̀nyí wà? Lórí Spotify, áàpù tí a fi ń gbọ́ orin, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ credits sí, ìyẹn orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí orin náà. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ojú-ewé àwo náà dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ ó rí àmì ℗ àti ©. Ẹni tó ni gbígbàsílẹ̀ orin náà ni orúkọ rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ℗. © Jẹ́ ti àwòrán àti ìwé ara àwo. Bí ẹ bá rí "under exclusive license to" níbẹ̀, ẹni tó ṣáájú ọ̀rọ̀ yẹn ló ni orin, ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e kàn gbà á fún àkókò kan ni. Lórí Bandcamp, ìsàlẹ̀ orúkọ àwọn orin ni ẹgbẹ́ fúnra wọn máa ń kọ ẹni tó ṣe kí ni sí. Bí méjèèjì kò bá sọ tó, ẹ lọ sí Discogs, tó ti ń kó àkọsílẹ̀ àwo jọ láti 2000. Wọ́n máa ń da ohun tí wọ́n tẹ̀ sára páálí àwo kọ síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, títí kan sítúdíò àti ẹni tó ya àwòrán.

Ẹni tó gbà á sílẹ̀ wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Steve Albini, tó kú ní oṣù Karùn-ún 2024, ló ni sítúdíò Electrical Audio ní Chicago. Òun ló gba àwo Pixies tó jáde ní 1988 sílẹ̀, àti ti PJ Harvey àti ti Nirvana tó jáde ní 1993. Owó iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀ ló máa ń gbà, kì í bá ẹgbẹ́ pín èrè àwo. Nítorí pé ó ń gba ẹgbẹ́ kéékèèké tí kò lórúkọ pẹ̀lú ọwọ́ kan náà tó fi ń gba àwọn ńlá, ẹni tó bá tẹ orúkọ rẹ̀ lórí Discogs yóò bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ́ pàdé, ìlù gbogbo wọn sì ń dún bí ẹni pé yàrá kan náà lẹ jọ wà. Ilé iṣura ni orúkọ kan bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé ohun tó wà nílé. Láàárín 1970 sí 1979, rọ́ọ̀kì gbilẹ̀ ní Nàìjíríà: ẹgbẹ́ BLO nílùú Èkó, àti Ofege, àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's tí wọ́n gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1973. Ilé-iṣẹ́ òkèèrè bíi Soundway àti Now-Again ti tún orin ìgbà yẹn gbé jáde, orúkọ wọn náà sì jẹ́ okùn tí ẹ lè fà.

Bandcamp

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Láti 2008 ló ti wà, ẹgbẹ́ tí kò ní ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn lè fúnra wọn kó orin síbẹ̀, ẹ sì lè gbọ́ ọ láìsanwó kí ẹ tó pinnu. Ẹ ṣí àkáńtì olùgbọ́, kì í ṣe ti olórin. Ímeèlì kan ti tó. Ẹ tẹ "Follow" lójú-ewé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ràn, àti lójú-ewé ilé-iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ogún ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́tà yóò bo ímeèlì rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì ní ṣí ìkankan mọ́. Bí ẹ bá ń lo Gmail, lẹ́tà wọn sábà máa ń lọ sí abala Promotions. Ẹ fa èyí àkọ́kọ́ tó bá wọlé lọ sí Primary, kí Gmail lè mọ̀ pé ẹ fẹ́ ẹ.

Nínú abala Discover, ẹ mú orúkọ ìró tí ẹ ń wá. "Indie rock" fẹ̀ jù, òkun ni. Ẹ lo èyí tó ṣe pàtó. Shoegaze ni wọ́n ń pe orin tí gìtá rẹ̀ bolẹ̀ bí kùrukùru òwúrọ̀ lórí odò Ògùn, tí ohùn olórin rì sínú rẹ̀. Post-punk, báàsì ló ń ṣáájú, gìtá ń gé e lábẹ́ bí abẹ. Jangle pop, gìtá mọ́ gaara, ó ń dún gbinrin-gbinrin. Ẹni tó fẹ́ràn jùjú, ibẹ̀ ni kó gbà wọlé. Slowcore ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ronú. Lo-fi ni èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ nílé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí kò wọ́n, ariwo ẹ̀rọ náà sì wà nínú ẹwà rẹ̀.

Ẹ lè tò wọ́n nípa èyí tó dé kẹ́yìn tàbí èyí tó tà jù. Èyí tó dé kẹ́yìn jẹ́ àgbàrá, èyí tó tà jù jẹ́ èyí tí gbogbo ayé ti rí. Ọ̀nà kẹta wà tó sàn ju méjèèjì lọ, ibi kan péré lójú-ewé ló wà. Lábẹ́ àwòrán àwo, ẹ ó rí àwòrán kéékèèké àwọn tó ti rà á. Ẹ tẹ ọ̀kan. Gbogbo àwo tí ẹni náà ti fi owó ara rẹ̀ rà yóò ṣí sílẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ra méjì nínú àwo tí ẹ̀yin náà fẹ́ràn, kó sì jẹ́ àwo tí kò gbajúmọ̀, torí pé gbígbajúmọ̀ kò fi nǹkan kan hàn nípa etí ẹni tó rà á. Ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e. Bó bá ra nǹkan tuntun, ẹ ó rí i. Ẹni mẹ́fà bẹ́ẹ̀ yóò ṣe yín lóore ju ẹ̀rọ lọ, nítorí pé owó ló fi dìbò.

Ní ti owó: dọ́là 7 sí 10 ni ọ̀pọ̀ àwo orí Bandcamp tí a ń gbà sórí fóònù. Àwọn kan ní kí ẹ sọ iye tí agbára yín ká, òdo náà sì lè wọlé níbẹ̀. Wàhálà tó wọ́pọ̀ ni káàdì. Kí ẹ tó dé ibi ìsanwó, ẹ bi báńkì yín ní ìbéèrè méjì: ṣé káàdì náírà yín ń ṣiṣẹ́ fún ìrajà dọ́là lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èló sì ni òpin rẹ̀ lóṣù? Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ lo káàdì dọ́là tí àwọn áàpù ìfowópamọ́ máa ń ṣe, kí owó inú rẹ̀ sì ju iye àwo lọ díẹ̀ nítorí ìyàtọ̀ pàṣípààrọ̀. Bí ó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dúró. Títẹ̀ ẹ́ léraléra lè mú kí wọ́n ti káàdì náà pa.

Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni Bandcamp ń mú nínú owó orin tí a gbà sórí fóònù. Láti 20 oṣù Kẹta 2020 ni wọ́n ti ní àwọn ọjọ́ Jímọ̀ kan tí wọn kì í mú ìpín tiwọn, tí wọ́n ń pè ní Bandcamp Friday. Ẹ máa tẹ àmì ọkàn láti fi àwo sínú wishlist yín, àtòjọ ohun tí ẹ fẹ́ rà, kí ẹ sì rà á lọ́jọ́ yẹn. Aago ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò, nítorí náà aago 8 tàbí 9 àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ wa ló ń bẹ̀rẹ̀, títí di wákàtí kan náà láàárọ̀ Sátidé. Ẹni tó rà á lóru Jímọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ ti rà á ṣáájú àkókò.

Àwo tí ẹ rà di tiyín. Ẹ lè gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i bí fóònù bá sọnù. Wọn yóò ní kí ẹ mú irú fáìlì. FLAC kò gé nǹkan kan kúrò nínú orin, ṣùgbọ́n àwo ogójì ìṣẹ́jú lè tó 250 sí 300MB. MP3 320 ti irú àwo kan náà jẹ́ bí 96MB. Lórí íápíìsì lásán, ẹ kò ní gbọ́ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ mú MP3. Àwo onípáálí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti òkèèrè, owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ sábà máa ń ju owó àwo lọ. Ẹ fi sílẹ̀ ná.

Spotify

Oṣù Kejì 2021 ni Spotify wọ Nàìjíríà. Ọjọ́ Ajé ni Discover Weekly máa ń yí padà, ọjọ́ Jímọ̀ ni Release Radar. Ti Jímọ̀ ló wúlò jù fún àwo tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ ti tẹ̀ lé àti ẹni tí ẹ ti ń gbọ́ ni yóò gbé wá. Bí ẹ kò bá tẹ "Follow", ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ràn lè gbé àwo jáde kí ẹ má gbọ́.

Ohun tó ń ba àtòjọ yìí jẹ́ ni fóònù àjọlò. Bí ẹ bá fi fóònù kan náà gbọ́ orin ìyìn láàárọ̀, tí àwọn ọmọ tún fi gbọ́ orin eré wọn lọ́sàn-án, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ènìyàn mẹ́ta ni. Yóò lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí ata. Kí ẹ tó gbé fóònù fún ẹlòmíràn, ẹ tan private session nínú ètò áàpù náà, tàbí kí ẹ yọ àtòjọ orin àwọn ọmọ kúrò nínú taste profile yín.

Ọ̀nà ìwákiri kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rèé. Nínú àpótí tí a fi ń wá orin, ẹ kọ label:"Sub Pop" year: pẹ̀lú ọdún tí a wà, láìsí àlàfo láàárín àmì : àti ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà gbé jáde lọ́dún yẹn ni yóò wá. Bí ẹ bá fi tag:new dípò ọdún, àwo tó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò fi hàn. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ bá ní ọ̀rọ̀ méjì, ẹ gbọ́dọ̀ fi àmì ọ̀rọ̀ "..." yí i ká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni yóò wò.

Rédíò tó wà lókè òkun

KEXP ní Seattle ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Àwọn ènìyàn ló ń yan orin níbẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ orúkọ orin, ẹgbẹ́, àwo àti ilé-iṣẹ́ agbórinjáde sójú ìkànnì bí orin náà ṣe ń lọ. Aago 7 àárọ̀ wọn jẹ́ aago 3 ọ̀sán wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago 4 nígbà òtútù, nítorí pé àwọn ń yí aago padà, àwa kì í yí i. Wákàtí kan, bí ìró bá wà ní 128kbps (kilobit 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan), ń jẹ bíi 58MB. Fídíò ẹgbẹ́ tó wá ṣeré ní yàrá wọn wà lórí YouTube. Ẹ dín àwòrán kù sí 144p bí dátà kò bá tó, torí etí lẹ fẹ́ fún lóúnjẹ.

Ìwé ìròyìn orin náà wà. Pitchfork ti wà láti 1996, ó ń fún àwo ní máàkì láti 0.0 sí 10.0, Stereogum dé ní 2002. Ẹ ka ọ̀rọ̀, ẹ fojú fo máàkì. Orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n fi tuntun wé ló wúlò jù nínú ìwé náà.

Ìwé ọjọ́ Jímọ̀

Títí di àárín 2015, ọjọ́ tí àwo ń jáde yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè: Ajé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣẹ́gun ní Amẹ́ríkà. Láti 10 oṣù Keje 2015, Jímọ̀ ni fún gbogbo ayé. Ìdí nìyí tí ìwé yín fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwé ọjọ́ Jímọ̀.

Ẹgbẹ́ kì í jí lójú oorun gbé àwo jáde. Oṣù méjì sí mẹ́rin ṣáájú ni wọ́n máa ń kéde rẹ̀: orin kan yóò kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú orúkọ àwo, àwòrán rẹ̀ àti ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni orin kejì, bóyá ẹ̀kẹta. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ gbọ́ orin àkọ́kọ́ ni kí ẹ kọ ọjọ́ àwo sílẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé lásán dára, kàlẹ́ńdà fóònù náà dára. Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́, ìlú wọn, ilé-iṣẹ́, ẹni tó gbà á sílẹ̀, ọjọ́ tí yóò jáde, àti ibi tí ẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ má fo èyí tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ wo ìwé náà: ibi tí kò tíì fún yín ní àwo kan tí ẹ fẹ́ràn, ẹ já a sílẹ̀, ibi tó ti fún yín ní mẹ́rin, ẹ túbọ̀ sún mọ́ ọn.

Bí ẹ bá dúró di aago 12 òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Jímọ̀, tí ẹ ṣí áàpù tí àwo kò sì sí níbẹ̀, ẹ má rò pé wọ́n ti sún un síwájú. Ọ̀pọ̀ máa ń jáde ní òru orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn kan ń lo òru New York, èyí tó jẹ́ aago 5 tàbí 6 ìdájí wa. Ẹ sùn, ẹ wò ó nígbà tí ẹ bá jí. Bí kò bá sí níbẹ̀ títí ọ̀sán, ẹ lọ wo ojú-ewé ẹgbẹ́ náà, torí ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwo lè pẹ́, kí ọjọ́ sì yí padà.

Ẹ̀tàn kan wà nínú ohun tuntun. Àwo tí wọ́n kọ "remastered", "deluxe" tàbí "anniversary" sí lára, àtijọ́ ni wọ́n tún ṣe. Ẹ wo ọdún tó kọ́kọ́ jáde lórí Discogs. Ẹgbẹ́ méjì sì lè jẹ́ orúkọ kan náà. Ìdí nìyí tí Suede, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ní láti máa jẹ́ The London Suede ní Amẹ́ríkà: olórin kan ti ń jẹ́ Suede níbẹ̀ ṣáájú wọn. Lórí àwọn áàpù, orin ẹgbẹ́ kan lè ṣèèṣì wọ ojú-ewé ẹlòmíràn, àwọn ayédèrú sì ń fi orin tí kọ̀ǹpútà ṣe síbẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀. Bí àwo bá yọjú láìsí ìkéde, tí orúkọ ẹ̀yìn ℗ kò jọ ti tẹ́lẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹgbẹ́ náà sọ ọ́ lójú-ewé tiwọn kí ẹ tó fi í sínú ìwé.

Bí ẹ ó ṣe gbọ́ ọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa máa ń gbé àwo rọ́ọ̀kì indie sọ nù ní ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, a sì mọ ìdí rẹ̀. Nínú jùjú àti fújì, ohùn ló wà níwájú, dùndún tàbí gángan ń dá a lóhùn, gbogbo nǹkan yòókù ń gbé e lẹ́sẹ̀. Nínú orin yìí, wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé ohùn sáàárín gìtá, nígbà mìíràn sábẹ́ rẹ̀. Etí wa á wá ohùn, kò ní rí i, á ní wọn kò mọ orin gbà sílẹ̀. Ẹ má wá ohùn lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ tẹ̀ lé báàsì àti ìlù nígbà àkọ́kọ́, ẹ tẹ̀ lé gìtá nígbà kejì, ẹ jẹ́ kí ohùn fúnra rẹ̀ wá bá yín nígbà kẹta. Ẹ gbọ́ ọ láti orin kìn-ín-ní dé òpin ní ẹsẹẹsẹ. Ẹ̀yìn ìgbà mẹ́ta yẹn ni kí ẹ tó dájọ́.

Ẹ má sì gbọ́ ọ láti ẹnu fóònù. Sípíkà kékeré yẹn kò lè gbé báàsì, gìtá nìkan ni yóò kù, yóò sì máa há yín létí. Íápíìsì tí kò wọ́n, èyí tó ń wọ inú ihò etí, sàn jù ú lọ fíìfíì.

Fún dátà: lórí Spotify, àwo ogójì ìṣẹ́jú ń jẹ bíi 29MB ní 96kbps, 48MB ní 160, 96MB ní 320. Ẹni tó ń sanwó lè gbà á sínú fóònù lóru nígbà tí dátà rọ̀ lọ́rùn, kó sì gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ láti Pánsẹ́kẹ́ dé Ọ̀bàǹtokò láìlo dátà kankan. Lẹ́ẹ̀kan láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, áàpù náà gbọ́dọ̀ rí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá rí i, àwọn orin yẹn yóò tì. Ti Bandcamp tí ẹ rà kì í tì. Ẹ gba orin sílẹ̀, kí ẹ sì ṣáàjì fóònù nígbà tí iná bá wà, torí àwo tó jáde ní Jímọ̀ kò ní dúró de NEPA.

Nígbà tí ẹ bá ń sanwó lórí Bandcamp, àpótí kékeré kan máa ń wà níbi tí ẹ ti lè kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí olórin. Ẹ má fò ó. Ẹ kọ orin tó wọ̀ yín lára jù, kí ẹ sì kọ Abẹ́òkúta, Nàìjíríà, sábẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń ta ọgọ́rùn-ún àwo péré máa ń ka gbogbo rẹ̀, wọ́n sì lè fèsì. Ẹ bi wọ́n pé ẹgbẹ́ wo ní ìlú wọn ni àwọn ń gbọ́ lọ́wọ́ báyìí, kí ẹ sì kọ orúkọ tí wọ́n bá dá sínú ìwé ọjọ́ Jímọ̀.